Bí Mo Ṣe Fi Ṣẹ́ẹ̀tì Ọkùnrin Méjì Láti Kàtàngówà Rán Gáùn Kan

Bí mo bá dé ìdí òkìríkà, ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń wá, èyí tó tóbi jù nínú wọn. Àwọn obìnrin tó kù á ti rọ́ síbi gáùn àti bùláòsì, wọ́n á máa fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, èmi á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bá mi du nǹkan. Ara ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ni iṣẹ́ tó le jù nínú aṣọ rírán wà ní ṣíṣe sílẹ̀: kọ́là tó dúró dáadáa, bọ́tìnnì tó tò gún régé láti òkè délẹ̀, kọ́ọ̀fù, ìyẹn etí apá níbi ọrùn ọwọ́, tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù tó ń mú un le sí nínú. Ẹni tó bá ti rán kọ́là rí lórí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó jẹ́ pé wọ́n á ra ṣẹ́ẹ̀tì dáadáa, wọ́n á gé kọ́là rẹ̀ dànù, wọ́n á gé ibi bọ́tìnnì dànù, wọ́n á wá fi pálapàla tó kù rán síkẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń dùn mí. Ohun tó wọ́n jù lára aṣọ yẹn ni wọ́n dà nù.

Ọjà Kàtàngówà ní Abúlé-Ẹ̀gbá, l'Ékòó, ni mo ti ra ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì tí mo fi rán gáùn yìí. Àwọn kan fẹ́ràn ọjà Àsúwánì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn kan ò sì lè fi Yábàá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní Kàtàngówà, èèyàn lè débẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n máa já bélì, ìyẹn ìdì ńlá òkìríkà, lójú ẹ̀. Bélì kan sábà máa ń tó kílò 45 tàbí 55. Wọn ò tíì gé okùn rẹ̀ tán tí àwọn tó ń rajà fún ṣọ́ọ̀bù á ti yí i ká, wọ́n á ṣa èyí tó dára jù, wọ́n á wá da ìyókù sórí tápólì fún àwa tí à ń bẹ̀rẹ̀ ṣà. Owó rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Kọ́sítọ̀ọ̀mù ka aṣọ àlòkù mọ́ ọjà tí kò gbọdọ̀ wọ Nàìjíríà, ọ̀nà Kútọnu sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé, nítorí náà bí ọ̀nà bá ti le, owó á gbéra. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, gbogbo àwa tí à ń ná ọjà yìí la mọ̀ ọ́n lára. Látìgbà náà ni mi ò ti ń ra òkìríkà ní ìràkurà mọ́. Mo gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi í rán kí n tó ki ọwọ́ bọ pọ́ọ̀sì.

Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo kọ́kọ́ mú jẹ́ funfun tó ní ìlà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́, XXL. Ọmọkùnrin tó ń tà á wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Àǹtí mi, èyí á gbé yín mì o! Ẹ jẹ́ n bá yín wá sáìsì yín.”

Mo ní, “Fi í sílẹ̀ jàre, àbúrò. Aṣọ tó pọ̀ lára ẹ̀ ni mo ń wá.”

Mo gbé e sókè, mo kọjú rẹ̀ sí oòrùn. Ibi tó bá ti gbó, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé ju ibòmíràn lọ. Abíyá, ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn kọ́là ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbó. Ti abíyá kò kàn mí, nítorí màá gé ibẹ̀ kúrò. Kọ́là rẹ̀ ti ń hú níbi tí ó ti ṣẹ́ po, ìyẹn náà ní àtúnṣe, mo sì ń bọ̀ wá síbẹ̀. Mo wá fi ìka méjì di ara ṣẹ́ẹ̀tì náà mú, mo fà á ní ìbú, mo fà á ní òró. Aṣọ tí òwú rẹ̀ ti kú máa ń dún pàrà lábẹ́ ọwọ́. Èyí ò dún. Èkejì jẹ́ búlúù lásán, kò ní ìlà kankan, ó sì nípọn tó ti àkọ́kọ́. Ìyẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí bí a bá rán aṣọ tó fẹ́lẹ́ mọ́ èyí tó nípọn, ojú rírán á máa ká kò ni, kò sí bí a ṣe lọ̀ ọ́ tó.

Nígbà tí mo délé, mo gé òwú díẹ̀ nínú aṣọ méjèèjì lábẹ́ ojú rírán, mo ṣáná sí i. Kọ́tìnnì máa ń jó bíi bébà, òórùn bébà náà ló máa ń rùn, eérú rẹ̀ á sì fọ́ pátápátá bí a bá fọwọ́ kàn án. Pólísítà á yọ́, á sún kì, á di kóró dúdú tó le. Kọ́tìnnì ni tèmi méjèèjì. Ooru Èkó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi pólísítà kojú. Mo rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ àti oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn díẹ̀, mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sí oòrùn gangan títí òórùn ọjà fi kúrò lára wọn, mo sì lọ̀ wọ́n. Oore kan tí òkìríkà ń ṣe fún aránṣọ nìyí: wọ́n ti fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, kò tún lè sún kì mọ́. Bí a ṣe wọ̀n ọ́n náà ni yóò ṣe wà.

Títú ló kàn, òun ló sì gbà mí lákòókò jù. Rípà, irinṣẹ́ kékeré tí a fi ń gé òwú ojú rírán, ni mo lò. Àwọn télọ̀ kan fẹ́ràn bíléèdì, ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, aṣọ ti ya nìyẹn. Ẹ má fa òwú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dópin. Ẹ gé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yìn, kí ẹ fo ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó gé òmíràn, kí ẹ wá yí aṣọ sí ojú kejì. Òwú ojú kejì á fà yọ lẹ́ẹ̀kan náà láìfi ara pa aṣọ. Bí mo ṣe tú apá ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì àti àpò àyà nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mi ò tú, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n rán ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì gidi, ó sì máa ń lágbára ju aṣọ fúnra rẹ̀ lọ.

Kọ́là wá ńkọ́? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi èyí hàn mí. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì máa ń ní apá méjì: èyí tó dúró yí ọrùn ká, àti èyí tó ṣẹ́ bò ó lórí. Ibi tí méjèèjì ti pàdé nìkan ni mo tú. Mo fa èyí tó wà lókè jáde, mo yí i kí ojú tó ti hú lọ sí abẹ́, kí abẹ́ tí oòrùn ò rí rí bọ́ sókè, mo dá a padà sáàárín ibi tó ti jáde, mo fi ọwọ́ rán an mú kó má bàa sún, mo sì gbé maṣíìnì gba orí ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ gan-an. Kọ́là di tuntun. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 11 ni mo lò fún gbogbo iṣẹ́ náà, àfi ibi tí aṣọ ti pọ̀ lórí ara wọn ni mo ti pààrọ̀ rẹ̀ sí 14.

Òkè gáùn ni mo fi ṣẹ́ẹ̀tì onílà ṣe. Mo de bọ́tìnnì rẹ̀ tán, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo gbé bùláòsì kan tó bá ara mi mu lé e lórí, ìlà bọ́tìnnì ní àárín gbùngbùn, mo fi ṣọ́ọ̀kì tọ ọ́ yí ká, mo fi ínṣì kan kún un níbi gbogbo. Èjìká rẹ̀ jẹ́ onílọ́po méjì lẹ́yìn, òun ló gbé gbogbo aṣọ ró, nítorí náà mi ò tú u. Etí rẹ̀ nìkan ni mo gé wọnú kí ojú apá lè bọ́ sórí egungun èjìká mi, dípò kó máa wọ́ sísàlẹ̀. Mo gé e kúrò ní ìbàdí ní ínṣì 16 láti èjìká.

Nípa ti apá, òkè ni mo ti dín gígùn rẹ̀ kù. Àwọn tó bá gé apá láti ìsàlẹ̀ ti pàdánù kọ́ọ̀fù nìyẹn, wọ́n sì ti pàdánù ibi tó là lókè kọ́ọ̀fù, ibi tí kì í rọrùn rán rárá. Kọ́ọ̀fù ọkùnrin tó sanra máa ń fẹ̀ tó láti wọ abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ obìnrin, nítorí náà mo gé apá náà lókè kí kọ́ọ̀fù lè bọ́ síbẹ̀, mo tún orí rẹ̀ gé ní ìtẹ̀kọdọrọ, mo fi ínṣì mẹ́rin fẹ̀ ẹ́ ju ojú apá lọ, mo sì kó o jọ lórí èjìká kó lè wú díẹ̀.

Síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mo gbádùn jù. Mo gé ṣẹ́ẹ̀tì búlúù láti abẹ́ apá kan dé ìkejì, mo gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Ohun tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ yí ká ní ínṣì 52, ó gùn ní ínṣì 18, bọ́tìnnì sì ti wà níwájú rẹ̀. Ìyẹn ni ìpele kìíní. Ìsàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì onílà tó ṣẹ́ kù, tó gùn ní ínṣì 14, ni ìpele kejì. Ṣùgbọ́n 52 lòun náà yí ká, kò sì sí bí ìpele ìsàlẹ̀ ṣe lè ṣẹ́ jọ bí kò bá fẹ̀ ju tòkè lọ. Apá ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tó wà nílẹ̀ ló yọ mí. Mo là wọ́n, mo gé ínṣì 15 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tó ti fẹ̀ jù, mo la ẹ̀gbẹ́ ìpele kejì, mo sì fi wọ́n sí i lọ́tùn-ún lósì. Ó di nǹkan bí 80. Òkè ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tó ṣẹ́ kù náà ò ṣòfò: àpò méjèèjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ gáùn ni mo fi í rán.

Láti kó wọn jọ, mo fi maṣíìnì sí ojú gígùn, mo rán ìlà méjì, mo fa òwú bọ́bìnnì, ìyẹn òwú abẹ́. Ínṣì méjì ní apá ọ̀tún àti apá òsì ìlà bọ́tìnnì ni mo fi sílẹ̀ gbalaja láìkó jọ. Bí a bá kó ibẹ̀ jọ, bọ́tìnnì á máa yánu, inú á sì hàn síta. Ohun mìíràn tí mo wọ̀n kí n tó gé ohunkóhun ni àlàfo bọ́tìnnì. Ínṣì mẹ́ta ààbọ̀ ló wà láàárín bọ́tìnnì kan sí òmíràn lára ṣẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, nítorí náà bọ́tìnnì ìkẹyìn lókè wà ní ínṣì kan ààbọ̀ sí ìbàdí, èyí tó kọ́kọ́ wà lára síkẹ́ẹ̀tì sì wà ní ínṣì méjì sísàlẹ̀ rẹ̀. Báyìí, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, kò sí ibi tí ojú lè mọ̀ pé aṣọ ti yí padà bí kò ṣe àwọ̀ rẹ̀. Ibi tí ìlà bọ́tìnnì ti pàdé ní ìbàdí nípọn gan-an. Ọwọ́ ni mo fi yí wíìlì maṣíìnì níbẹ̀, ojú kan lẹ́yìn òmíràn, kí abẹ́rẹ́ má bàa kán.

Ẹnìkan lè sọ pé apá òsì ló borí apá ọ̀tún, pé tọkùnrin nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe gáùn náà.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní maṣíìnì wíìfù, èyí tó ń di etí aṣọ kó má bàa hú, ládùúgbò wa, ó bá mi wíìfù inú rẹ̀, mo ká ìsàlẹ̀, mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi kí ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ lè dí. Ó bọ́ sí àárín ojúgun mi, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì mú mi ní ìbàdí dáadáa. Bọ́tìnnì òkè ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tí mi ò lò wà nínú agolo mi báyìí.

Àwọn oníbàárà mi ti ń bèèrè irú rẹ̀. Mo ń sọ fún wọn kí wọ́n tó ra ṣẹ́ẹ̀tì wá pé owó iṣẹ́ rẹ̀ ju ti gáùn ańkárá lọ. Ańkárá tuntun, gígé àti rírán ni. Èyí, mo ní láti kọ́kọ́ tú iṣẹ́ ẹlòmíràn láì bà á jẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ tèmi, àkókò títú yẹn sì wà nínú owó tí mò ń gbà. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀, mo ń ní kó mú XXL méjì wá, kọ́tìnnì, kí kọ́là àti kọ́ọ̀fù wọn pé.