Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà kí ẹ tó ta ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ báráàkì

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, tí báráàkì bá wà nítòsí yín, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí katapílà bá dé lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ibi tí ààlà wà. Mo ti rí i rí, wọ́n ti mọ ilé dé wíńdò, ẹni tó ra ilẹ̀ ti ta mọ́tò ẹ̀ kó tó rí owó san, ẹbí tó tà á ti pín owó jẹ, kò wá sẹ́ni tó lè dá kọ́bọ̀ padà.

Ẹ kọ́kọ́ wá bíkìn. Òpó kọnkéré kékeré tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn ni, wọ́n kọ nọ́ńbà sórí ẹ̀, igbó sì máa ń bò ó, ìgbà míì ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn yí i ká. Ẹ mú àgbà tó mọ ibẹ̀, ẹ mú àdá, ẹ mú ọmọ tó ní fóònù tó máa ya nọ́ńbà yẹn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún àwọn tó wà ní géètì o, ẹ má kàn fi àdá rìn lọ sídìí fẹ́ńsì ṣọ́jà, bíkìn nìkan sì ni kẹ́ ẹ yà, ẹ má ya inú báráàkì, òfin ò gbà á.

Ẹ gbé nọ́ńbà yẹn fún sọ̀fẹ́yọ̀ tó ní láísẹ́ńsì, kó lọ bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mọ́sàn l'Ábẹ́òkúta, bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ kàn sọ pé "ilẹ̀ bàbá wa ni" nìkan ò tó o. Láti 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, tí ìjọba àpapọ̀ bá ní àwọn nílò ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, gómìnà máa fagi lé ẹ̀tọ́ yín lórí ẹ̀ ni, owó ilé àti irè oko ni wọ́n máa san, wọn ò ní san iye tí ilẹ̀ ń lọ lọ́jà.

Ìpàdé wá kàn. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà ti ààfin jáde lọ bá kọmandáǹtì, ìyẹn ọ̀gá báráàkì, kí olórí ẹbí, CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) àti àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) wà níbẹ̀, kí ẹ má sì fi àwọn ìyá tó ń dáko síbẹ̀ sílẹ̀, torí àwọn ló mọ ọ̀nà oko àti ibi tí omi òjò ń gbà. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń yìnbọn dánra wò àti ẹni tó máa ránṣẹ́ sí baálẹ̀ ṣáájú. Ẹ béèrè ibi tí wọn ò fẹ́ ilé rárá, ibi tí òpó gíga lè ti dí wọn lọ́wọ́. Kí ẹ sì kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́yin àti àwọn jọ sáìnì ẹ̀, torí wọ́n máa ń gbé ọ̀gá ṣọ́jà lọ síbòmíì, ọ̀rọ̀ ẹnu á sì bá a lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà ti ń náwó sí irú ìjókòó báyìí láti 1985, Joint Land Use Study ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, gbọ̀ngán ìlú tiwa náà tó o ṣe.

Tẹ́ ẹ bá wá ń ya máàpù, ẹ fi oko àti ọ̀pẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, kí ilé jìnnà sí i, kí ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọsibítù tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an torí January 27, 2002, nígbà tí iná ran ibi tí wọ́n kó àdó olóró sí ní Ìkẹjà Cantonment, inú ilé làwọn èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó lé ní 1,000 èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ wọn ọmọdé tó kó sí kánáàlì Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá lóru.

Ẹ gbé máàpù lọ sí ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí plánì ilé, kí wọ́n má baà fọwọ́ sí plánì ẹnikẹ́ni níbi tẹ́ ẹ ti jọ fẹnu kò pé ilé ò gbọ́dọ̀ sí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ààfin, kí ẹni tó bá ti Èkó wá ra ilẹ̀ rí i kó tó sanwó. Ọjọ́ tí kọmandáǹtì tuntun bá dé, ẹ mú ẹ̀dà kan dání lọ kí i káàbọ̀.