Bí a ṣe ń fi bírò àti ìwé yẹ nọ́ńbà Mersenne wò

Nọ́ńbà práìmù ni èyí tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Èyí tí Luke Durant rí lábẹ́ GIMPS (ètò tí àwọn olùyọ̀ǹda ti ń fi kọ̀ǹpútà wọn wá irú práìmù yìí), tí wọ́n kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ju gbogbo èyí tí a ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀ lọ: 2^136279841 − 1 (nọ́ńbà Mersenne ni irú rẹ̀: nọ́ńbà ẹ̀yìn ^ ni iye 2 tí a sọ di púpọ̀ pọ̀, a sì yọ 1). Ta ló fẹ́ máa fi nọ́ńbà kéékèèké pín ìyẹn wò lọ́kọ̀ọ̀kan? Ọ̀nà Lucas àti Lehmer, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, ni wọ́n fi fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ọ̀nà ọ̀hún kò sì le. Ẹ mú èyí tó kéré, kí ẹ ṣe é fúnra yín.

Ẹ yan p, iye 2 tí ẹ ó sọ di púpọ̀ pọ̀. Práìmù tó ju 2 lọ ni p gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá mú 6, 2^6 − 1 jẹ́ 63, 7 sì ti pín in tán. Ẹ jẹ́ ká mú 7: 2^7 jẹ́ 128, a yọ 1, ó ku 127.

Láti orí 4 ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ yọ 2, ẹ fi 127 pín in, kí ẹ mú àṣẹ́kù nìkan. Ẹ tún fi àṣẹ́kù yẹn ṣe bákan náà. Ìgbà p − 2 ni, ìyẹn ẹ̀ẹ̀marùn-ún níbí (4 tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò sí lára kíkà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í):

4 → 14 → 67 → 42 → 111 → 0

Ó parí sí òdo, práìmù ni 127.

Pípín yẹn ló ń gba àkókò, àmọ́ ọgbọ́n kan wà. 128 ni kí ẹ fi pín, kí ẹ ro iye ìgbà tó wọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ àṣẹ́kù. 67 × 67 jẹ́ 4489. Yọ 2, ó di 4487. 128 wọ inú rẹ̀ ní ìgbà 35, ó ṣẹ́ ku 7. 35 + 7 jẹ́ 42. Ìdí ni pé bí a bá fi 127 pín 128, 1 ló ń ṣẹ́ kù, torí náà 128 kọ̀ọ̀kan di 1. Kọ̀ǹpútà tó ń fi 0 àti 1 nìkan kọ nọ́ńbà kò tiẹ̀ ní pín nǹkan kan: yóò kàn gé e sí méjì, yóò ro méjèèjì pọ̀. Ẹ ṣọ́ra níparí o: 12319 (111 × 111, yọ 2) yóò fún yín ní 96 + 31, ìyẹn 127. Òdo ni 127 níbí.

Bí ẹ bá ṣi ìṣirò kan ṣoṣo, gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ti bàjẹ́, kò sì ní hàn lójú ìwé. Ẹ fi 2^11 − 1, ìyẹn 2047, dán ọwọ́ yín wò:

4, 14, 194, 788, 701, 119, 1877, 240, 282, 1736

Kì í ṣe òdo, torí náà 2047 kì í ṣe práìmù. Ṣùgbọ́n 1736 kò sọ ohun tó pín in fún yín. Práìmù tó bá lè pín 2^p − 1 gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 2p kan, kí a fi 1 kún un. Bí a bá sì fi 8 pín in, 1 tàbí 7 ni yóò ṣẹ́ kù. Fún 11, 22 + 1 jẹ́ 23, ó ṣẹ́ ku 7, ó sì pín in: 23 × 89. Irú èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú kí ẹ tó wọnú iṣẹ́ gígùn.

Láti mọ iye dígíìtì, ẹ sọ p di púpọ̀ pẹ̀lú 0.3010299957, ẹ ju ohun tó wà lẹ́yìn àmì (.) nù, kí ẹ fi 1 kún un. Ti ọdún 2024 jẹ́ 41,024,320. Ẹni tó bá lo 0.30103 yóò rí 41,024,321, ó ti fi ẹyọ kan lé e.