Ẹ Má Da Ẹ̀wà Tuntun Lé Àṣẹ́kù

Mo bi àwọn tí kòkòrò ba ẹ̀wà wọn jẹ́ lọ́dún tó kọjá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Èsì kan náà ni mo ń gbà: kóńgò mélòó kan ló ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ àpò, wọ́n sì da tuntun lé e. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, a ti ń sọ̀rọ̀ yìí tipẹ́.

Ẹ má sọ pé kòkòrò kì í jẹ irú ẹ̀wà tí ẹ gbìn lọ́tẹ̀ yìí. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, rí ẹ̀wà kan, TVu 2027, tí ọ̀pọ̀ ìdin ń kú sínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà sìn kòkòrò náà lórí rẹ̀, ìran dé ìran, títí ó fi ń jẹ ẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Utah níbẹ̀, wọ́n fún kòkòrò náà ní lentil, irú ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan tí kò bá a lára mu. Nínú 100 ìdin, 1 tàbí 2 péré ló yè. Kó tó di ìran 20, ó ti lé ní 80. Wọ́n yẹ jíìnì àwọn kòkòrò náà wò, ìyẹn àbùdá tí òbí ń fún ọmọ: irú èyí tó ṣọ̀wọ́n lára wọn tẹ́lẹ̀ ti gbalẹ̀ láàárín ìran díẹ̀, torí àwọn tó ní in nìkan ló ń yè bímọ.

Nínú ooru tiwa, ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ni ìran kan. Ẹ ṣírò rẹ̀. Àtọmọdọ́mọ àwọn tó yè lórí ẹ̀wà yín lọ́dún tó kọjá ló wà nísàlẹ̀ àpò yín, ẹ tún fẹ́ kó oúnjẹ bá wọn!

Ẹ kó àṣẹ́kù jáde. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú, ẹ da ẹ̀wà náà sí i, kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Ẹ fi ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara bò ó, ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yíká, nínú oòrùn ganrínganrín, wákàtí 2 ó kéré tán. Ooru 57°C fún wákàtí 1 ń pa ẹyin, ìdin àti àgbà. Ẹ má da oògùn apakòkòrò olómi sí oúnjẹ ọmọ yín. Mo bẹ̀ yín.

Tuntun, inú àpò onípele mẹ́ta. Ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ọ̀rá inú méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó so àpò ìta. Oṣù 2 ni kò gbọdọ̀ ṣí. Ẹ bu èyí tí ẹ máa jẹ sílẹ̀ kí ẹ tó dì í. Bí eku bá dá ihò sí ọ̀rá inú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.