Bí mo ṣe pààrọ̀ bátìrì fóònù ìyá mi

Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Wàásò, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oníbàárà mélòó ló tún ń kówó dání wá sọ́jà báyìí? Tíráńsífà ni wọ́n ń ṣe, àfi kí alẹ́ẹ̀tì wọlé kí màámi tó gbẹ́rù fún wọn. Fóònù wọn á fi 40% hàn, àmọ́ bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan áàpù báńkì, ojú rẹ̀ á ṣú, ó kú nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, obìnrin kan ní òun ti sanwó, màámi gbà á gbọ́, wọ́n wọn kóńgò mẹ́wàá fún un. Owó yẹn ò wọlé títí di òní.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, sí ṣọ́ọ̀bù tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà fà kalẹ̀ fún àtúnṣe. Ọmọ tó dá mi lóhùn ò tilẹ̀ ṣí i wò. Ó ní wọn ò kó bátìrì irú èyí wá mọ́, kí màmá ra tuntun. Fóònù ọdún mẹ́rin péré! Ojú rẹ̀ ò sán, ohùn rẹ̀ já gaara. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Ohun tí ò jẹ́ kí n gbà ni ọ̀rọ̀ Apple tí mo ti kà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé òun ló ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Àwọn tó ni fóònù ò mọ̀. Ìgbà tí ariwo ta ni ilé-iṣẹ́ náà tó tọrọ àforíjì, tó sì já owó pípààrọ̀ bátìrì láti dọ́là 79 wá sí 29. Mo ní, ṣé kì í ṣe bátìrì nìkan ló ń ṣe ti màámi náà?

Mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, mo fi ń ká fídíò. Kò kú. Mo yọ ṣájà, mo tún ká a. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ tó fi ṣú. Bátìrì tó ti gbó ló ń ṣe báyẹn. Iná ṣì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bí fóònù bá bèèrè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní lè gbé e, fóònù á sì pa ara rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Tákíé bá mi wá bátìrì, ₦11,000. Nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì fóònù náà la fi wá a, a ò kàn fi ojú wọ̀n ọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ṣe é, kó jókòó tì mí. Ó ní kí n kọ́kọ́ lo fóònù náà títí iná inú rẹ̀ á fi kù díẹ̀, torí bátìrì tó kún léwu láti ṣí.

Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa. A yá ẹ̀rọ tí onídìrí ẹ̀gbẹ́ wa fi ń gbẹ irun, mo fẹ́ ooru sí etí rẹ̀, mo ń fi káàdì síìmù àtijọ́ rọra là á lọ. Ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe ń ya. Nígbà tó ṣí, ẹnu yà mí: bátìrì náà ti wú bí àkàrà tó ń bẹ nínú epo gbígbóná.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi irin kàn án o. Bí ẹ bá gún un, iná ni."

Mo tú síkúrù mọ́kànlá, mo tò wọ́n sórí ìwé bí wọ́n ṣe jókòó. Mo kọ́kọ́ ja ẹnu wáyà bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù, ìyẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bátìrì fúnra rẹ̀ tún lẹ̀ mọ́lẹ̀! Mo fi síríńjì kán sípírítì sí etí rẹ̀, mo dúró díẹ̀, mo wá fi òwú ìránbàtà ha abẹ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn títí ó fi ṣí. Ó gbà mí ní wákàtí kan ó lé. Láyé Nokia 3310, ní ọdún 2000, èékánná la fi ń ṣí ẹ̀yìn fóònù, bátìrì á sì bọ́ sọ́wọ́ wa. Ẹni tó da gọ́ọ̀mù sábẹ́ bátìrì mọ̀ pé yóò gbó lọ́jọ́ kan. Ó mọ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ pa mọ́ ìyá tó ń ta èlùbọ́ lọ́wọ́.

Mo ti tuntun bọ̀ ọ́, mo dá síkúrù padà, mo lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tàn.

Lọ́jọ́ kejì, màámi ti ọjà dé lálẹ́. Kí wọ́n tó bọ́ gèlè ni wọ́n ti na fóònù sí mi: 61%. Wọ́n ní alẹ́ẹ̀tì mẹ́rìndínlógún ló wọlé lójú àwọn. Bátìrì tó wú náà ṣì wà nínú agolo tí mo bu yanrìn sí lẹ́yìnkùlé, níbi tí àwọn ọmọdé ò lè dé.