Bí Mo Ṣe Fi Wáyà Tó Ń Súnkì Tún R2 Páàdì Mi Ṣe

Iye owó tí oníṣẹ́ kan bù lé mi lórí kí ó tó tú páàdì mi wò rárá ló mú kí n dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí. R2, ìyẹn bọ́tìnì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún tí a ń fi ìka fà lára DualSense, páàdì PS5 mi, kò le mọ́. Bí mo bá ti fà á, ó ń wọlé wẹ́rẹ́ láìtako ìka, bẹ́ẹ̀ líle àti dídẹ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi polówó PS5 fún wa nígbà tó jáde ní oṣù kọkànlá 2020. Mọ́tò kékeré kan ló ń yí jíà oníke, jíà náà ló sì ń ti apá kan tó ń dènà ìka. Eyín jíà yẹn ló kán. Nítorí ike tín-ín-rín bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà ní kí n mú ohun tó ju ìdajì owó páàdì tuntun wá, ó sì tún fi kún un pé òun kò lè ṣe onídùúró pé kò ní kán mọ́. Mo gba páàdì mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jáde. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Dípò kí n wá jíà mìíràn tí yóò tún kán, mo pinnu láti yọ mọ́tò àti jíà ẹ̀gbẹ́ R2 kúrò pátápátá, kí n sì fi wáyà nitinol rọ́pò wọn. Nitinol jẹ́ àdàlù nickel àti titanium. William Buehler ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 1959 ní ilé ìwádìí ohun ìjà àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Maryland, àwọn dókítà eyín sì ń lò ó lónìí láti to eyín tó wọ́. Bí a bá nà án nígbà tó tutù, tí a sì wá mú un gbóná, yóò padà sí gígùn tó wà tẹ́lẹ̀, tagbáratagbára ló sì fi ń padà. Kò ní eyín tí yóò kán, kì í sì í dún.

Èyí tí mo rà ni Flexinol ti ilé-iṣẹ́ Dynalloy, tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.15. Ó ń súnkì ní nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn rẹ̀, ó sì lè fa ohun tó lé ní 300 gíráàmù. Nínú páàdì, mo rí àyè fún sẹ̀ntímítà 10, èyí tó túmọ̀ sí pé yóò fà ní mìlímítà 4. Ìyẹn tó R2. Owó wáyà náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi gbé e wọ Nàìjíríà jù ú lọ fíìfíì, wọ́n sì tún ní kí n san owó ibodè lórí àpò ìwé kan péré. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó rà á papọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà, èyí tó ń súnkì ní ìwọ̀n 70 Celsius àti èyí tó ń súnkì ní 90. Ẹ mú ti 90, nítorí òun ló ń tètè tutù, pàápàá nínú yàrá tí wọ́n ti mú iná lọ, tí fáànù kò yí, tí ọwọ́ sì ń làágùn mọ́ páàdì.

Títú páàdì àti yíyọ mọ́tò kò gba àlàyé. Ibi tí iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi ni ibi tí mo rò pé yóò rọrùn jù, ìyẹn síso orí wáyà náà mọ́ wáyà bàbà tí iná yóò gbà wọlé. Mo mú áyọ́ọ̀nù gbóná, mo fi pésìtì pa ojú wáyà, mo sì yọ́ léèdì lé e. Léèdì ṣù jọ, ó yí, ó sì bọ́ sílẹ̀ bí omi lórí ewé kókò. Mo fi sáńpépà ha á, ó tún bọ́. Mo lọ wá pésìtì tó lágbára jù tí àwọn tó ń jó rédíétọ̀ mọ́tò máa ń lò, èéfín rẹ̀ nìkan ni mo rí jẹ níbẹ̀. Ẹni tó ta wáyà náà fún mi kọ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ nípa ohun tí nitinol lè ṣe, títí kan labalábá onírin tó ń ju ìyẹ́, ṣùgbọ́n kò kọ gbólóhùn kan ṣoṣo láti kìlọ̀ fún oníbàárà pé léèdì kì í mú un.

Titanium inú rẹ̀ ló fa wàhálà yìí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yóò bò ó, léèdì kì í sì í wọ èèpo náà. Bí a bá fi sáńpépà ha á kúrò, òmíràn ti bò ó kí áyọ́ọ̀nù tó dé ibẹ̀. Èèpo yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí nickel jò sí ẹnu tàbí sínú iṣan àwọn tí dókítà fi í sí lára, nítorí náà n kò lè bú u tán. Mo wá gbìyànjú láti ta wáyà náà ní kókó mọ́ bàbà. Ohun tó ń súnkì tó sì tún ń nà kì í pẹ́ tú kókó ara rẹ̀. Bí R2 bá ti le díẹ̀, kókó á yọ, iná á sì já.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn ìyàwó, ló wò mí títí tó fi béèrè pé kí ló dé tí n kò lo sítọ́pà. Ìlẹ̀kẹ̀ onídẹ bíńtín ni, tí wọ́n máa ń fi pínsì tẹ̀ pa mọ́ okùn kí ìlẹ̀kẹ̀ má baà yọ. Mo ki wáyà nitinol bọ inú rẹ̀, mo ṣẹ́ orí rẹ̀ padà sínú ihò kan náà, mo ki bàbà tẹ̀ lé e, mo sì tẹ̀ ẹ́ pa. Ó mú! Bàbà ni mo wá fi léèdì lẹ̀ mọ́ ibi yòókù. Ohun kan wà níbẹ̀ o: bí ẹ bá tẹ sítọ́pà jù, wáyà yóò já ní ẹnu rẹ̀, bí ẹ kò bá sì tẹ̀ ẹ́ tó, yóò yọ nígbà tó bá gbóná. Ẹ kọ́kọ́ fi àjákù wáyà dán agbára pínsì yín wò.

Ti iná kò pọ̀. Sẹ̀ntímítà 10 wáyà náà jẹ́ nǹkan bí ohm 5.5, nítorí náà bátìrì 3.7 fóòtì yóò tì tó 670 milliampere gbà á kọjá, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 410 ló yẹ ẹ́. Ẹni tó bá so ó mọ́ bátìrì tààrà yóò sun ún, kò sì ní rántí gígùn rẹ̀ mọ́. Mo fi Arduino kékeré kan, ìyẹn pátákó kọ̀ǹpútà tí a ń kọ ètò sí, àti MOSFET, ìyẹn ṣíìṣì tí iná ń darí, ṣe é kí wọ́n máa ṣí iná náà, kí wọ́n sì máa pa á léraléra, débi pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àsìkò ló fi ń wọlé. Mo tún fi sípírìn-ín kékeré kan sí àárín wáyà àti R2, kí ìka tó bá fi ipá fà má baà já wáyà.

Bí mo ṣe kọ ètò rẹ̀ ni pé bí mo bá di R2 mú pẹ́, kí ó máa le díẹ̀díẹ̀, nítorí òun ni a fi ń sáré nínú eré bọ́ọ̀lù. Mo fẹ́ kí ó rí lọ́wọ́ mi bí ìgbà tó rẹ agbábọ́ọ̀lù. Mo ń yangàn o, nítorí ó ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó le láìdún, láìgbọ̀n, ó sì ń yọ́ wọlé bí àárẹ̀ gan-an ṣe ń wọ ara, ohun tí mọ́tò kò ṣe fún mi rí.

Ẹ má wá retí pé yóò bá eré ìbọn mu. Wáyà náà ń yára gbóná, ṣùgbọ́n títutù rẹ̀ ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì ní gbangba, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ike tí a dé pa. Èyí tó nípọn jù yóò lágbára jù, ṣùgbọ́n yóò tún pẹ́ jù kí ó tó tutù. Ẹni tó bá ń wá agbára, kí ó na tín-ín-rín méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. N kò rò pé ilé-iṣẹ́ kankan yóò fi nitinol ṣe R2 tí wọ́n ń tà fún gbogbo ayé. Ibi tí mo rò pé ó yẹ ẹ́ ni ohun tí kì í yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ìdìmú páàdì tó lè sanra tàbí kí ó tín-ín-rín gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó dì í mú. Fún bọ́tìnì tó ń yọ láti ojú fóònù, omi dára jù ú lọ: Tactus Technology ti fi irú rẹ̀ hàn ní 2013, tí omi ń ti ojú ibi ìtẹ̀ sókè láìsí ooru.

Iná tó ń jẹ náà tún wà níbẹ̀. Bátìrì DualSense jẹ́ 1560 milliampere-wákàtí, bí wáyà yìí bá sì gba 410 láìdáwọ́ dúró, kò ní tó wákàtí mẹ́rin tí yóò fi tán, kí páàdì fúnra rẹ̀ tó jẹ ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún un ní bátìrì tirẹ̀, tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páàdì, tí kò sì dùn ún wò rárá. L2, ìyẹn ti apá òsì, ṣì ń lo mọ́tò àti jíà tirẹ̀, n kò sì ní fọwọ́ kàn án, nítorí bíréèkì ni mò ń fi í tẹ̀ nínú eré ìje ọkọ̀, gbígbọ̀n bíréèkì sì yára ju ohun tí wáyà yìí lè bá lọ.