Omi Tí A Gbé Lọ, Ìdọ̀tí Tí A Gbé Bọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Fa Ilé Orí Táyà Lọ Sóko

Nígbà kan, bí ẹ bá rí ilé orí táyà lẹ́yìn ọkọ̀ ní títì Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ó rò pé òyìnbó kan ló ṣìnà. Èmi nìkan ti rí mẹ́ta báyìí. Ọ̀kan wà lóko kòkó lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí bàbá tó ni oko ń sùn nígbà ìkórè kí olè má baà ká kòkó rẹ̀. Ọ̀kan wà létí ọ̀gbà ẹja. Ìdílé kan láti Rẹ́mọ ló sì ni ìkẹta, wọ́n ń fà á wá sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, torí ilé ìyá wọn kò gba ọmọ àti ọmọ-ọmọ mọ́.

Yàrá kékeré ni: bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù gáàsì, ibi ìfọbọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Tòkunbọ̀ ni gbogbo èyí tí mo rí. Ẹni tó tà á á tan gbogbo iná inú rẹ̀ hàn yín, á ṣí fèrèsé, á ti fèrèsé. Ibi tí ìgbẹ́ ń gbà jáde, kò ní mú yín débẹ̀. Nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ ìwé yìí.

Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀

Irú tó ti Amẹ́ríkà wá máa ń ní tánkì mẹ́ta. Èkíní gba omi tó mọ́. Èkejì gba omi ìwẹ̀ àti omi ìfọbọ́. Ẹ̀kẹta gba ohun tó ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá. Méjì tó kẹ́yìn ní páìpù tó jáde sí ẹ̀gbẹ́ kan, fáàfù méjì tí a ń fà síta sì wà lórí rẹ̀. Èyí tó tóbi, tó gbà tó íǹṣì mẹ́ta, ti ìgbọ̀nsẹ̀ ni.

Irú tó ti Yúróòpù wá yàtọ̀. Omi tó ń gbé sínú kì í pọ̀, lítà 40 tàbí 50 ni lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn kan kò tilẹ̀ ní tánkì rárá, ike oníyípo ni wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi ìwẹ̀ ń ṣàn jáde sínú ike mìíràn nílẹ̀. Ìgbọ̀nsẹ̀ ń bọ́ sínú àpótí ike kan tó gba bíi lítà 17 sí 20, tí a ń ṣí ilẹ̀kùn kékeré níta fà yọ bí ẹni fa dúrọ́ọ̀ yọ. Tọkọtaya kan lè fi ọjọ́ mẹ́ta kún un. Tí ẹ bá bi mí, èyí ló bá oko wa mu jù, torí ẹ lè fi ọwọ́ gbé àpótí náà lọ sí ṣáláńgá láìgbé ilé náà kúrò lójú kan.

Tánkì ìdọ̀tí ni kí ẹ fi ka ọjọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹni tó bá fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́rin lóko á bèèrè pé, "Omi mélòó ni mo lè gbé?" Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Omi mélòó ni mo lè lò kí ìdọ̀tí tó kún?"

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ẹni mẹ́rin, bàbá, ìyá àti ọmọ méjì. Bí wọ́n bá mọ omi í ṣọ́, lítà 80 ni wọ́n á lò lójúmọ́. Ká ní 10 lọ sínú ìkòkò àti ẹnu, 10 lọ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, 60 tó kù á di omi ìwẹ̀. Tánkì omi tó mọ́ gba 150, ti omi ìwẹ̀ gba 100. Kí ọjọ́ kejì tó ṣú, omi ìwẹ̀ ti kún. Ẹ ó sì rí i pé omi tó mọ́ ṣì kù díẹ̀, ni ọmọ á bá gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì láti bọ́họ̀ọ̀lù, á rọ ọ́ kún un, inú gbogbo ilé á dùn.

Inú yẹn kò ní dùn pẹ́. Omi ìwẹ̀ tí kò ríbi lọ máa ń wá ibi tó rẹlẹ̀ jù gba jáde, ilẹ̀ ibi ìwẹ̀ ló sì rẹlẹ̀ jù nínú ilé náà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ lóko kòkó yẹn. Ìyá ń fọ àwo ẹ̀bà nídìí sítóòfù, ọmọ ń wẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ọmọ náà pariwo pé, "Mọ́mì, ẹja ń wẹ̀ pẹ̀lú mi!" Egungun ẹja ọbẹ̀ àná ni, òun àti òróró pupa, tí wọ́n ń léfòó yí ọmọ náà ní kókósẹ̀.

Nítorí náà, ẹ nu àwo pẹ̀lú bébà kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ fi asẹ́ bo ojú ihò ìfọbọ́. Ẹ wẹ̀ níta bí ibi ìwẹ̀ bá wà lóko, kò sí ohun ẹ̀tẹ́ níbẹ̀. Omi pákí tó ń ro lára gààrí tí a fún kò gbọdọ̀ wọ inú tánkì yìí láé: ó kan, májèlé sì wà nínú rẹ̀ tó ń pa ẹja lódò.

Ìwúwo

Lítà omi kan jẹ́ kìlógíráàmù kan. Ẹ kò nílò ìwọ̀n. Tánkì lítà 150 tó kún fi kìlógíráàmù 150 kún ohun tí ọkọ̀ yín ń fà, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Bí ẹ bá tún gbé tánkì dúdú onílítà 1,000 sí ẹ̀yìn Hilux torí oko ò ní omi, tọ́ọ̀nù kan gbáko nìyẹn, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí píkọ́ọ̀pù yẹn lè rù kí ẹ tó jókòó sí i.

Ẹ wo ibi tí tánkì omi wà sí táyà ilé náà. Bó bá wà níwájú táyà, bí ẹ ṣe ń rọ omi sí i ni imú ilé náà á máa tẹ họ́ọ̀kù ọkọ̀. Bó bá wà lẹ́yìn táyà, imú á máa fúyẹ́, ilé tí imú rẹ̀ fúyẹ́ sì máa ń jùdí sọ́tùn-ún sósì bí ìyàwó tó ń bọ̀ lójú agbo. Fún irú ti Amẹ́ríkà, nínú gbogbo ìwúwo ilé náà, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó wà lórí họ́ọ̀kù: bó bá wọn 1,200, kí 120 sí 180 wà níbẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jùdí lórí eré, ẹ má tẹ búrẹ́ẹ̀kì mọ́lẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ di sítíárìn mú ṣinṣin, ẹ jẹ́ kí eré náà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Tánkì tó kún délẹ̀ sàn, èyí tó ṣófo sàn jù ú lọ. Èyí tó dé ìdajì ni mo ń bẹ̀rù. Lọ́jọ́ kan mo fa tánkì lítà 400 tí omi rẹ̀ dé ìdajì lórí kẹ̀kẹ́ àfàfà, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò kan lẹ́yìn Àgọ́-Ìwòyè. Ewúrẹ́ já sọ́nà, mo tẹ búrẹ́ẹ̀kì. Ọkọ̀ dúró, omi ò dúró. Ó kọlu iwájú tánkì, gbàà, ó ti ọkọ̀ síwájú bí ẹni pé ẹnì kan fi èjìká gbá mi nídìí, ó tún sá padà sẹ́yìn, ó tún wá. Ewúrẹ́ náà kò kú. Láti ọjọ́ náà, bí omi bá wà lóko, mo ń lọ pẹ̀lú tánkì òfìfo, kẹ́ẹ̀gì omi mímu kan péré ni mo ń dì mọ́ ẹ̀yìn. Àwọn ìdọ̀tí méjèèjì náà, ẹ dà wọ́n nù kí ẹ tó gbéra. Kò sẹ́ni tó yẹ kó fa ìgbẹ́ àná kọjá ẹnu ọ̀nà Ìperu.

Omi mímu

Tánkì tó ti wà lójú oòrùn ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn kò mọ́, ẹ má wo ojú rẹ̀. Ẹ fi Hypo tàbí Jik lásán fọ̀ ọ́, èyí tí kò ní òórùn olóòórùn dídùn. Ẹ wo ara ike bóyá 3.5%, ìyẹn agbára kùlórínì inú rẹ̀ tó ń pa kòkòrò, ló wà níbẹ̀. Mílílítà kan ààbọ̀ fún lítà omi kan. Fún tánkì 150, mílílítà 225 nìyẹn, bí agolo mílíìkì kan ààbọ̀. Ẹ pò ó mọ́ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó rọ ọ́ sínú tánkì, ẹ wá fi omi kún un. Ẹ tan pọ́ǹpù, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí òórùn Hypo á fi jáde níbẹ̀, ẹ tì í, ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ dà gbogbo rẹ̀ nù, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án títí òórùn náà á fi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí omi Hypo yìí má ṣàn lọ sí odò ẹja. Ẹni tó bá ń sin ẹja bíi ti àwọn ará Ẹrìwè mọ ohun tí kùlórínì ń ṣe fún ẹja.

Omi kànga tí ẹ fẹ́ mu, ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ funfun tó nípọn. Ẹ wá kán Hypo 3.5% yẹn sí i, ẹ̀kán méjì fún lítà kan, ìdajì ṣíbí tíì fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó yẹ kí òórùn rẹ̀ tàn díẹ̀ bí ẹ bá gbé e sẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ sè é dípò bẹ́ẹ̀, ó dára, gáàsì ló wọ́n.

Tánkì ike onílítà 1,000 tí àgò irin yí ká pọ̀ lọ́jà báyìí. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ń wò yín lójú tí kò lè sọ, ẹ fi bomi rin ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ má fi mu. Ẹ fi tapólì dúdú bò ó pẹ̀lú, ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kí ewédò hù nínú rẹ̀.

Họ́ọ̀sì omi mímu àti họ́ọ̀sì ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ pàdé. Àwọ̀ wọn ò gbọdọ̀ jọra, àpótí kan náà kò sì gbọdọ̀ gbà wọ́n. Mo ti rí ẹni tó fi họ́ọ̀sì ìdọ̀tí rọ omi torí "mo ti ṣàn án." Onígbáméjì àti taífọ́ọ̀dù ò mọ̀ pé ẹ ti ṣàn án.

Tánkì ìgbọ̀nsẹ̀

Ẹ rọ omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Ẹ jẹ́ kí fáàfù rẹ̀ wà ní títì ní gbogbo ìgbà, títí yóò fi kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹni tó bá ṣí i sílẹ̀ pé kó máa ṣàn díẹ̀díẹ̀, omi nìkan ni yóò ṣàn lọ. Ìgbẹ́ á jókòó, á gbẹ, á máa ga bí òkìtì ọ̀gán lábẹ́ àga. Ẹ lo omi tó pọ̀, ẹ lo tíṣù tó ń tètè yọ́ lómi. Aṣọ nǹkan oṣù, páńpásì ọmọ àti wáìpù kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Géèjì tó ń fi iná pupa sọ fún yín pé ó kún máa ń parọ́ bí tíṣù bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dà á, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ so họ́ọ̀sì mọ́ páìpù dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ fa fáàfù ìgbọ̀nsẹ̀. Lẹ́yìn tó bá tán, tí ẹ ti tì í, ẹ wá fa ti omi ìwẹ̀, kí omi ọṣẹ lè fọ họ́ọ̀sì náà. Ẹni tó bá yí i padà á fọwọ́ ara rẹ̀ gbé họ́ọ̀sì onígbẹ̀ẹ́ wọnú bùútù.

Ibi tí a ó dà á sí

Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ti omi yìí kọ́ ni wọ́n ń sọ. Kò gbọdọ̀ lọ sí gọ́tà, kò gbọdọ̀ lọ sí ẹ̀bá odò Ìbù tàbí odò Yemojí, kò sì gbọdọ̀ wọ oko àwọn ẹlòmíràn lóru. Sọ́káwéè ilé yín ló sàn jù: ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ti họ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, ẹ tún dé e. Ẹ má rọ Izal tàbí Hypo rẹpẹtẹ sínú tánkì ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó dà á síbẹ̀, torí kòkòrò kéékèèké tó ń jẹ ìgbẹ́ ni sọ́káwéè fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n á kú. Ẹ má sì bẹ orí wọ inú rẹ̀ láé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ torí fáàfù tàbí fóònù tó bọ́. Afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ ń pa ènìyàn kó tó pariwo, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ fà á yọ á sì kú lé e lórí.

Lóko tí kò ní sọ́káwéè, ẹ gbẹ́ ṣáláńgá. Kí ó jìnnà sí kànga tó ọgbọ̀n mítà, nísàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe lókè. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ oníyanrìn, ẹ tún sún un síwájú, torí yanrìn kì í dá omi dúró. Omi ìwẹ̀ tí kò ní Hypo, ẹ lè dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ má dà á sórí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Ìgbẹ́ tútù kì í ṣe ajílẹ̀, ẹni yòówù kó sọ ọ́. Ẹyin aràn inú rẹ̀ lè wà láàyè ju ọdún kan lọ nínú ilẹ̀.

Bí ilé náà yóò bá dúró di Iléyá mìíràn

Ẹ da tánkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nù. Ẹ ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ sílẹ̀ kí omi tó wà nínú páìpù lè ro tán, ẹ tan pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú kan kí ó fi afẹ́fẹ́ ti èyí tó kù jáde, ẹ pa á. Ẹ fi òróró sílíkónì pa rọ́bà etí fáàfù, kì í ṣe epo pupa, torí eku fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ran nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ ẹnu páìpù atẹ́gùn tó wà lórí òrùlé. Bàbá oko kòkó tí mo sọ yẹn kò ṣe é lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó tan ẹ̀rọ lẹ́yìn oṣù méje, alángbá ló kọ́kọ́ jáde.