Kíkọ́ Ilé Oko Tó Bá Ilẹ̀ Rẹ̀ Mu: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Agbègbè Òṣogbo

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìlíè tàbí ọ̀nà Ìkìrun jáde kúrò ní Òṣogbo, láti òkèèrè lẹ ó ti rí àwọn ilé tuntun. Katapílà ti hú gbogbo igi orí ilẹ̀ náà, páànù sì ń kọ mànà láàárín pápá. Tó bá wá di ọ̀sán oṣù Kejì, inú ilé ò gba onílé mọ́, wọn a gbé àga lọ sábẹ́ máńgòrò aládùúgbò. Ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé sóko, tó fẹ́ kó tutù, tí kò sì fẹ́ kó ba ojú ilẹ̀ jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ rìn yí ilẹ̀ náà ká lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Ọ̀nà tí omi ń gbà, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ wá ibi tó ga díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣóńṣó òkè, torí ibẹ̀ ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò ti ń ṣí òrùlé. Ìjì yẹn sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, nítorí náà ẹ dá igi tó wà níhà ibẹ̀ sí, bó bá ti jìnnà tó tí kò fi ní balẹ̀ sórí ilé bó bá wó. Ẹ na ilé láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí fèrèsé ńlá kọjú sí àríwá àti gúúsù. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó ń lu ògiri ni kì í jẹ́ kí yàrá ṣeé sùn lóru.

Àpẹẹrẹ wà nílé. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, Susanne Wenger, obìnrin oníṣẹ́ ọnà láti Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ fi amọ̀ àti símẹ́ǹtì mọ ojúbọ sáàárín igi. Ẹ lọ wo bí àwọn ògiri náà ṣe ń tẹ̀ lé ilẹ̀.

Bíríkì láti inú ilẹ̀ yín

Ilẹ̀pa pupa ni mo fara mọ́ jù. Àwọ̀ rẹ̀ ni àwọ̀ oko, ẹ ò sì ní sanwó ọkọ̀ lé e lórí. Ẹ hó erùpẹ̀ dúdú òkè kúrò, torí ewé jíjẹrà wà nínú rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́. Ẹ bu ú dé ìdajì ike tó ń fi inú hàn, ẹ pọn omi kún un, ẹ gbọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á sùn nísàlẹ̀, amọ̀ á wà lókè. Yanrìn ló yẹ kó pọ̀ jù. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, bíríkì á sán.

Garawa símẹ́ǹtì 1 sí garawa erùpẹ̀ 12 tó. Omi ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ di àpòpọ̀ náà ní ìkúùkù, kí ẹ jẹ́ kó bọ́ láti ìwọ̀n àyà. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ti tó. Bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ti pọ̀ jù. Bó bá tú ká bí ìyẹ̀fun, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi ẹ̀rọ ìtẹ bíríkì tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi nylon bo bíríkì, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fà á gbẹ kíákíá. Ó di ọjọ́ 28 kí ẹ tó to ó.

Ẹlòmíràn á sọ fún yín pé ilé amọ̀, ilé òtòṣì ni. Ẹ má dá a lóhùn. Inú agbo ilé ológiri amọ̀ ni wọ́n bí àwọn bàbá wa sí, inú rẹ̀ sì tutù.

Ìdí ilé àti orí rẹ̀

Òkúta àti símẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, kó yọ sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, torí omi tó ń ta láti ilẹ̀ ló ń jẹ ìdí ògiri. Ẹ jẹ́ kí etí páànù yọ kọjá ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí káfíńtà sì fi irin de igi òrùlé mọ́ ògiri. Páànù aláwọ̀ ilẹ̀ bá oko mu, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ooru. Ẹ ṣe àjà, kẹ́ ẹ sì ṣí ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé.

Kòtò tí ẹ gbẹ́ erùpẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí omi dúró síbẹ̀ fún ẹ̀fọn. Ẹ da ewé àti pàǹtí oko sí i, kẹ́ ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ bíríkì ní oṣù Kọkànlá, ẹ lè kan òrùlé kí òjò oṣù Kẹta tó dé.